Píà Nínú Òtútù: Láti Òkè Bafoussam dé Ọjà Mboppi

Púpọ̀ nínú píà tí wọ́n ń jẹ ní Douala, ìlú ńlá kan ní Kamẹrúùnù, kì í ṣe èso ilẹ̀ Douala. Orí òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá, láti ìhà Bafoussam, Mbouda, Dschang àti Foumbot ní Ìwọ̀-Oòrùn Kamẹrúùnù, níbi tí òwúrọ̀ ti máa ń tutù débi pé àgbẹ̀ kì í jáde láìwọ aṣọ òtútù. Ọjà Sandaga ní Douala ni àwọn bayam-sellam, ìyẹn àwọn obìnrin alájàpá tó ń kó irè oko wọ ìlú, ti ń já ẹrù èso àti ẹ̀fọ́. Mboppi, ọjà míì nínú ìlú náà, jẹ́ ọjà páálí ní tirẹ̀: aṣọ, àwo, ìkòkò àti ohun ìṣaralóge ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń ti Gabon àti Chad wá rajà. Àmọ́ ọlọ́jà gbọ́dọ̀ jẹun, búrẹ́dì àti píà sì ni oúnjẹ òwúrọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kamẹrúùnù. Wọ́n á la búrẹ́dì gígùn, wọ́n á fi ọ̀bẹ la píà yí kóró rẹ̀ ká, wọ́n á fi ṣíbí ha inú rẹ̀ sórí búrẹ́dì náà, wọ́n á wọ́n iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i pé píà kan tóbi, èèpo rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ sì lómi; òmíràn kéré, èèpo rẹ̀ le, òróró sì kún inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ìran tí igi kọ̀ọ̀kan ti wá, àti bí ibi tó ti dàgbà ṣe tutù tó.

Persea americana ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe igi píà, ìran mẹ́ta ló sì pín sí. Mẹ́síkò àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Ìran Mẹ́síkò jẹ́ ti òkè gíga: èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ewé rẹ̀ sì ń ta sánsán bí wọ́n bá fi ọwọ́ rún un. Ìran Guatemala náà jẹ́ ti òkè, àmọ́ èèpo rẹ̀ nípọn, èso rẹ̀ sì ń pẹ́ lórí igi kó tó gbó. Ìran kẹta, tí wọ́n ń pè ní ti West Indies, jẹ́ ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ olóoru: èso ńlá, èèpo dídán, òróró díẹ̀. Ìran yìí àti àwọn àdàlù rẹ̀ ló gbilẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, irú píà ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n mọ̀ ní Ìbàdàn, Oǹdó àti Èkìtì. Bí òtútù bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ òdo díẹ̀ báyìí lórí òṣùwọ̀n Celsius, ewé ìran pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti ń jóná. Igi Guatemala tó ti dàgbà lè fara da nǹkan bí ìwọ̀n 3 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ti Mẹ́síkò lè fara da nǹkan bí 6. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gbin píà sí ibi tútù, ìran wo ni òun fẹ́ gbìn ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi ara rẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ti ṣì, kò sí ajílẹ̀ tó lè tún un ṣe.

Òtútù pàápàá kì í ṣe ọ̀kan. Òtútù òkè ilẹ̀ olóoru wà, òtútù ìrì dídì náà sì wà. Bí ènìyàn bá ń gòkè, ooru ń dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Douala wà nítòsí òkun, bí wọ́n bá sì pín ooru rẹ̀ kárí ọdún, ó ń lọ sí ìwọ̀n 26 tàbí 27. Bafoussam àti Dschang ga tó nǹkan bí mítà 1,400, tiwọn sì wà ní nǹkan bí 20. Òtútù yìí kì í pa píà. Ó jọ ti ilẹ̀ tí ìran Mẹ́síkò àti ti Guatemala ti ṣẹ̀ wá. Ní Kenya, orí òkè bíi Murang'a ni wọ́n ti ń gbin píà tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun. Ní Nàìjíríà, òkè Mambilla tó bá Kamẹrúùnù pààlà àti òkè Jos náà ní irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àfi pé ọyẹ́ máa ń mú ní Jos gidigidi, afẹ́fẹ́ gbígbẹ rẹ̀ sì lè gbẹ òdòdó kó tó gba àtíkè, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú akọ tó ń mú òdòdó di èso.

Ìrì dídì ló ń pa igi. Omi inú ewé á dì, ewé á dúdú, bí òtútù náà bá sì pẹ́, yóò wọ ẹ̀ka, yóò dé ìtí. California ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìnira, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní sísọ. Ní ọdún 1911, ilé ìtọ́jú ọ̀dọ́ igi kan ní Altadena rán Carl Schmidt lọ sí Mẹ́síkò pé kó lọ wá píà tó dára. Inú ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀: bó bá rí èso tó wù ú, á béèrè ibi tó ti wá, á sì tọ̀ ọ́ lọ dé ìdí igi tó so ó. Ní Atlixco, ó gé ọ̀mùnú igi kan ránṣẹ́ sílé. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1913, ìrì dídì tó le bo California, ọ̀dọ́ píà púpọ̀ sì kú. Èyí tó ti Atlixco wá kò kú. Wọ́n sọ ọ́ ní Fuerte, ìyẹn alágbára, ó sì di píà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àdàlù Mẹ́síkò àti Guatemala ni. Àdàlù méjèèjì náà ni Hass, tí Rudolph Hass, òṣìṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà ní California, gbin kóró rẹ̀ ní 1926, tó sì gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1935. Òun ló gba ipò Fuerte lónìí.

Kí igi yè yàtọ̀ sí kí igi so. Òdòdó ni òtútù òkè ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Òdòdó píà kọ̀ọ̀kan ń là lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́ abo ni, ó ṣe tán láti gba àtíkè. Lẹ́yìn náà á padé. Lọ́jọ́ kejì á tún là, ó ti di akọ, á máa tú àtíkè sílẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì ni àwọn igi pín sí. Òdòdó ọ̀wọ́ A ń ṣe abo ní òwúrọ̀, ó sì ń ṣe akọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ti ọ̀wọ́ B ń ṣe abo ní ọ̀sán, ó sì ń ṣe akọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀wọ́ A ni Hass, ọ̀wọ́ B ni Fuerte. Bí méjèèjì bá wà nítòsí ara wọn, akọ ọ̀kan á bá abo èkejì pàdé, oyin á sì ṣe alárinà wọn.

Ibi tí ooru bá wà ni ètò yìí ti ń lọ geerege. Bí òru bá tutù tí ọ̀sán náà kò sì móoru, òdòdó A tó yẹ kó là ní òwúrọ̀ á sún un di ọ̀sán, nígbà míì di ìrọ̀lẹ́. Òdòdó B lè fo ìgbà abo rẹ̀ pátápátá, kó má là títí yóò fi di akọ. Oyin kì í fẹ́ jáde nínú òtútù, àtíkè tó bá sì bọ́ sórí abo kì í tètè hù wọnú. Ìdí nìyí tí Fuerte, tó yè nínú ìrì dídì, fi máa ń so díẹ̀ létí òkun California tó tutù, tí Hass sì ń so níbẹ̀. Àmì kan wà tí àgbẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí: bí òtútù bá mú nígbà òdòdó, èso tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn bí ìka, tí kò ní kóró nínú, á máa so láàárín àwọn èso gidi. Inú òdòdó púpọ̀ náà, bó ti wù kí ojú ọjọ́ dára tó, kò tó ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń di píà. Kí àgbẹ̀ òkè má gbin ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, kó sì gba oyin láyè nínú oko rẹ̀.

Gbòǹgbò ni ọ̀rọ̀ kejì. Òkè òkè ilẹ̀ ni gbòǹgbò píà ń tẹ́ sí, kò sì fẹ́ omi tó dúró. Níbi tútù, omi kì í tètè gbẹ nínú ilẹ̀, kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Phytophthora cinnamomi á sì rí àyè jẹ gbòǹgbò náà rà. Ewé á kéré, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, orí igi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Àrùn yìí ló pa ìyá igi Hass fúnra rẹ̀ ní ọdún 2002. Ilẹ̀ Foumbot, tó jẹ́ eérú òkè oníná, dára nítorí pé ó ń jẹ́ kí omi gbà á kọjá. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, orí ebè gíga ni kí wọ́n gbin igi sí, kí wọ́n fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ewé náà má kan ìtí. Ní ti òtútù, ẹ̀gbẹ́ òkè ló dára jù láti gbin igi sí, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó ń ṣàn lọ sí àfonífojì lóru. Igi tó wà nísàlẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Níbi tí ìrì dídì ti ń bọ́, ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù, aṣọ tàbí àpò sì ni wọ́n fi ń bo ọ̀dọ́ igi lóru.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Kamẹrúùnù, inú oko kọfí arábíkà ni púpọ̀ nínú igi píà ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ìbòòji, pẹ̀lú obì àti igi eléso kan tí wọ́n ń pè ní safou. Nígbà tí àdéhùn kọfí àgbáyé dàrú ní 1989 tí owó kọfí já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ hú kọfí wọn, àmọ́ píà dúró. Kóró ni wọ́n fi gbin ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi wọ̀nyí, kóró píà kì í sì í hu irú ìyá rẹ̀. Àdánù ńlá ni pé igi tó ti ta gbòǹgbò dáadáa ń so èso tí kò níye lórí. Lílọ́ igi ló wo èyí sàn: kí wọ́n gé igi àgbà náà kù, kí wọ́n so ọ̀mùnú igi rere mọ́ ọn. Ọ̀dọ́ igi tí wọ́n lọ́ ń so ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ti kóró lè gba ilọ́po méjì.

Òtútù ń fa ìgbà gbígbó gùn. Hass lè lò ju ọdún kan lọ lórí igi níbi tútù, òróró inú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Píà kì í rọ̀ lórí igi. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ká a ló ń rọ̀, nítorí náà ojú nìkan kò tó láti mọ èyí tó gbó. Kí wọ́n ká méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n la ọ̀kan: bí awọ kóró bá ṣì funfun tó sì nípọn, kò tíì gbó, bó bá ti di bíráùn tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ó tó ká. Èyí tí kò gbó á súnkì, á máa le gbagidi, ẹni tó rà á ní Mboppi kò sì ní padà ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni náà. Ooru Douala ń mú èso rọ̀ kíákíá, ó sì ju igba kìlómítà lọ láti Bafoussam wá síbẹ̀, nínú àpò tí ẹrù mìíràn ń tẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n ká a nígbà tó ṣì le, kí wọ́n fi díẹ̀ nínú igi kékeré tó so ó mọ́ ẹ̀ka sílẹ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kó o sínú àpótí. Ẹni tó bá ní ibi ìkẹ́rùsí tútù, kó ya ìran sọ́tọ̀: Hass lè wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 5 sí 7, àmọ́ bí òtútù bá lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 12 fún píà ìran pẹ̀tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ á dúdú, kò sì ní rọ̀ mọ́.