Ká Gbé e Sáré, Tàbí Ká Gbá a fún Ẹnì Kejì?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin àgbà má ṣe tìtorí ìyẹn dìde, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, apá ọ̀tún ni mo ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ mi yá púpọ̀. Bí mo bá ti gba bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ ilé-ìwé á máa pariwo orúkọ mi, orí mi á sì wú. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ etí omi láti apá Ìwópin, ni ó máa ń dúró níwájú. Lọ́jọ́ tí a lọ pàdé àwọn ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, mo tan ẹni mẹ́ta, mo kọjá. Ọ̀rẹ́ mi dá dúró, ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ, ó ń nawọ́, ó ń pè mí. N kò dá a lóhùn. Ẹni kẹrin gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi, kí a sì tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbá a wọ ilé wa. Bí wọ́n ṣe nà wá nìyẹn.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi kò bá mi jà. Ohun tí ó sọ ni pé, "Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá ń fi gbogbo agbára wa ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò jẹ́ kí ẹnì kejì fọwọ́ kan àjẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ máa ń yí po lójú kan." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ òfin bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1863, ẹni tí ó bá wà níwájú bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ dá sí eré. Nítorí náà, ẹnì kan á gbé e sáré, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ní 1866 ni wọ́n dẹ òfin náà, tí ẹni iwájú sì lè gba bọ́ọ̀lù bí alátakò mẹ́ta bá wà láàárín òun àti ilé wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù November 1872, Íńgílándì àti Skọ́tlándì pàdé ní Glasgow. Ìsáré ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbójú lé. Àwọn ará Skọ́tlándì, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Queen's Park, ń gbá a fún ara wọn. Òdo sí òdo ni wọ́n parí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́ ọgbọ́n yìí.

Ẹ má rò pé ìsáré kò wúlò o. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ní bọ́ọ̀lù tiwọn, tí a ń fi ọwọ́ gbé sáré. Ọdún 1906 ni òfin wọn tó gbà kí a máa jù ú síwájú. Ní 1913, àwọn ọmọ Notre Dame lọ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé ológun ní West Point. Wọ́n ń jù ú síwájú, wọ́n sì ń gbé e sáré, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ológun kò mọ èyí tí wọn ì bá ṣọ́. 35 sí 13 ni Notre Dame fi borí.

Nílé wa níhìn-ín, ẹ rántí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí òun náà ń sáré ní apá ọ̀tún. Bí ó bá sáré dé ìpẹ̀kun pápá, ó máa ń gbá a sáàárín fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ IICC ti Ìbàdàn tí ó gba ife Áfíríkà ní 1976. Ní 1980, ní Sùúrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà fi mẹ́ta sí òdo na Àljéríà, òun ni ó gbá méjì wọlé, tí Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣírò rẹ̀. Mọ́kànlá ni yín, mọ́kànlá ni wọ́n. Bí iwájú rẹ bá ṣófo, sáré. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá yọ sí ìwọ nìkan, ó di dandan kí ẹnì kan nínú àwọn tirẹ wà tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́. Gbójú sókè, wá a rí, kí o gbá a fún un. Ìsáré rẹ ni ó là á lọ́nà.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ ń dúró létí pápá, ohun tí ẹ bá pàtẹ́wọ́ fún ni àwọn ọmọ yóò máa ṣe. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó gbá a fún ẹnì kejì pẹ̀lú.

Nígbà tí àwọn ọmọ Àgọ́-Ìwòyè wá bá wa nílé, mo tún sáré. Ẹni méjì yọ sí mi. Mo gbójú sókè, mo gbá a sáàárín, ọ̀rẹ́ mi sì gbá a wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pariwo lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni ó kọ́kọ́ sáré wá.