Omi Ọ̀ṣun Tí À Ń Gbé Bọ̀ Wá sí Ayọ̀bọ̀

 

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí kẹ́ẹ̀gì. Lóṣù Ògún ọdọọdún, bí àwọn ènìyàn wa bá ti ibi ọdún Òṣogbo dé, kẹ́ẹ̀gì omi odò ni wọ́n ń kó bọ̀. Bí ara ọmọ kò bá yá, a ó bu díẹ̀ fún un. Bí obìnrin bá ń wá ọmọ, a ó ní kí ó mu ún. Ẹ̀bẹ̀ mi lónìí ni pé kí a dáwọ́ mímu omi náà dúró ná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo létí olórìṣà.

Òṣogbo kọ́ ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì ni orísun rẹ̀, àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀ sì ń ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, níbi tí wúrà wà. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń wa wúrà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn awakùsà ti pọ̀ sí i lọ́dún àìpẹ́ yìí. Àwọn kan ní ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ kò ní. Wọ́n ń gbẹ́ etí odò, wọ́n sì ń fọ erùpẹ̀ nínú omi kí wúrà lè yà sọ́tọ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ló pa àwọ̀ odò dà.

Ẹrẹ̀ nìkan ìbá sàn. Àwọn tó ń wa wúrà lọ́nà kékeré a máa lo mẹ́kúrì, nǹkan olómi tó ń dán bí fàdákà, tó ń lẹ̀ mọ́ wúrà. Èyí tó bá bọ́ sódò, ẹja a gbà á sára, ẹni tó jẹ ẹja a gbà á. Ó ń ti ara ìyá dé ara oyún, a sì máa ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Sísè omi kò lè mú un kúrò. Ẹ wo ẹni tí à ń fún ní omi yìí: obìnrin tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun!

Ẹgbẹ́ Urban Alert gbé omi náà fún àyẹ̀wò ní 2021. Wọ́n rí òjé àti mẹ́kúrì tó kọjá ààlà. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má mu ún. Ní Zamfara, ní 2010, òjé tó wà nínú eruku ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà pa ọmọdé tó ju 400 lọ.

Àwọn kan ń sọ pé Ọ̀ṣun yóò fọ ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn agégi wọ igbó Ọ̀ṣun, Àdùnní Olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ kò káwọ́ gbera kí òrìṣà lé wọn fúnra rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n tún ojúbọ kọ́. Òun ni igbó náà fi wà títí UNESCO fi kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005.

Òfin ìwakùsà 2007 kò gba kí a wa kùsà ní ibi mímọ́. Ṣùgbọ́n inú igbó kọ́ ni wọ́n ti ń wà á, òkè odò ni. Òfin tó dáàbò bo ojúbọ tí kò dáàbò bo omi tó ń ṣàn dé ibẹ̀, ààbọ̀ òfin ni. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òṣogbo ni, ọ̀sà Lẹ́kí, ní ìpínlẹ̀ Èkó wa yìí, ni Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ.

Ní ti ìlànà ìsìn, ẹ̀yin ìyálóòṣà lẹ ni ẹnu ọ̀rọ̀. Èrò tèmi ni pé kí omi odò wà níwájú ojúbọ, kí a sì gbé omi kànga tó mọ́ síbẹ̀, kí a wúre sí i, kí ó jẹ́ òun ni a ó máa mu. Mo ti kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kí wọ́n máa kéde èsì àyẹ̀wò omi náà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì lé awakùsà kúrò létí gbogbo odò tó ń ṣàn sínú Ọ̀ṣun. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn fọwọ́ sí i kó tó lọ.