Oúnjẹ Tí Ara Kọ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí.

Ọmọ kan wà tí kì í fẹ́ jẹ edé. Ìyá àgbà ní, "Ó ń ṣa oúnjẹ jẹ ni." Ó fi tipátipá fún un. Kò pẹ́, ara ọmọ sú, ètè rẹ̀ wú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n sáré gbé e lọ kí wọ́n tó rí i gbà là. Ara rẹ̀ ló kọ edé. Akàn, ẹ̀pà, ẹyin àti wàrà náà máa ń ṣe àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Bíńtín lè pa wọ́n. Bí èémí bá ti ń há, ẹ má dúró wá àgbo o.

Ṣùgbọ́n àsọdùn ni ti ẹlòmíràn. Bàbá kan jẹ ẹ̀wà lálẹ́, inú rẹ̀ kùn. Ló bá ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ̀wà nínú ilé òun mọ́! Kí inú kùn lásán kọ́ ni kí ara kọ oúnjẹ. Wàrà pàápàá ń mú inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kùn, kò sì pa wọ́n. Bí a bá gba ẹ̀wà lẹ́nu ọmọ láìnídìí, kí ni yóò fi dàgbà?

Kí wá ni ṣíṣe? A ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni ó jẹ? Ìgbà wo ni? Kí ni ó ṣe é? Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà. Yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì sọ èyí tí í ṣe òótọ́.