Carignan, Àjàrà tí Wọ́n Gbowó Fà Tu

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá, àmọ́ n ò gbé ìgò kankan dání. Kí ẹni tó ń yọjú wo ẹ̀yìn tábìlì mi fi ọkàn balẹ̀.

Bí a bá dárúkọ wáìnì Faransé, Bordeaux àti Champagne ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, Languedoc àti Roussillon, ilẹ̀ tó lọ láti ẹ̀gbẹ́ odò Rhône dé ẹsẹ̀ òkè Pyrénées létí òkun, ni ọgbà àjàrà fẹ̀ sí jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fojú oníṣẹ́-ẹrú wo àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, pé ọtí wọn pọ̀ ṣùgbọ́n kò dùn. Tèmi ni pé a kì í dá igi àjàrà lẹ́jọ́ láìbèèrè ibi tí wọ́n gbìn ín sí àti ohun tí ọjà ń wá lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín. Carignan ni màá fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ní nǹkan bí ọdún 1863, àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní agbègbè Gard. Ewé á pọ́n nígbà tí kò yẹ kó pọ́n, á wọ́, igi á sì gbẹ kí ọdún mélòó kan tó yí po. Ní oṣù Keje 1868, Jules-Émile Planchon, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ewéko ní Montpellier, àti àwọn méjì mìíràn lọ wa ilẹ̀ ní Saint-Martin-de-Crau. Gbòǹgbò igi tó ti kú kò fi nǹkan kan hàn wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wa ìdí èyí tó ṣì láàyè ni wọ́n rí i: kòkòrò wínníwínní tó rọ̀ mọ́ gbòǹgbò, tó ń fa omi rẹ̀ mu. Phylloxera nìyẹn. Amẹ́ríkà ló ti wá. Ìjọba fi 300,000 fránkì lélẹ̀ fún ẹni tó bá rí oògùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí owó náà gbà. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé sára gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, tí kòkòrò náà kò lè pa, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń ṣe é títí dòní. Àrùn ewé kan tún tẹ̀ lé e láti Amẹ́ríkà. Alexis Millardet po iyọ̀ bàbà mọ́ ẹfun ní Bordeaux, ó sì kéde iṣẹ́ rẹ̀ ní 1885. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ kòkó tó wà níjòókòó mọ omi aláwọ̀ búlúù yẹn. Òun ni àwọn bàbá wa ń fín sára kòkó kó má baà dúdú lórí igi.

Nígbà tí wọ́n ń tún ọgbà gbìn, reluwé ti dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńlá ń wá ọtí tí kò wọ́n, kò sì sí àjàrà tó so bí Aramon lórí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àbùkù Aramon ni pé ọtí rẹ̀ ṣàn, kò sì pọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ràn Alicante Bouschet, tí Henri Bouschet mú jáde nípa fífi irú àjàrà méjì bí ọmọ. Ẹ mú ẹyọ èso rẹ̀ kan, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: omi pupa ni yóò yọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí Grenache tàbí Carignan, omi tí kò láwọ̀ lẹ ó rí, torí ara èèpo ni àwọ̀ ọtí wọn ti ń wá. Alicante díẹ̀ nínú Aramon púpọ̀, pẹ̀lú ọtí líle láti Àlùjíríà, ọtí pupa ọjà ti dé nìyẹn.

Ọtí pọ̀ títí ó fi di ẹrù lọ́rùn ẹni tó ṣe é. Àwọn jàǹdùkú oníṣòwò sì ń fi ṣúgà àti omi ṣe ayédèrú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1907, èèyàn 87 gbéra láti abúlé Argelliers lọ fẹ̀hónú hàn ní Narbonne, Marcelin Albert, àgbẹ̀ àjàrà kan, ló ṣáájú wọn. Kí oṣù Kẹfà tó dé ìdajì, èrò tí wọ́n fojú díwọ̀n sí ìdajì mílíọ̀nù ti kún ìgboro Montpellier. Ológun yìnbọn ní Narbonne, èèyàn kú. Òfin tó dojú kọ ayédèrú jáde ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn. Albert lọ bá Clemenceau, olórí ìjọba ìgbà náà, ní Paris, Clemenceau fún un ní 100 fránkì kó fi wọkọ̀ padà sílé, ọ̀rọ̀ náà sì lu síta. Àwọn tó ń pè é ní olùgbàlà lánàá ló wá ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Carignan wá gba ipò lọ́wọ́ Aramon. Àjàrà Spéìnì ni, láti Aragon. Ó máa ń pẹ́ kó tó rúwé, torí náà yìnyín ìparí ìgbà òtútù kì í sábà bá ọ̀mùnú rẹ̀ níta. Ó máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, ibi tí oòrùn ti mú ló sì bá a lára mu. Bí wọ́n bá gbìn ín sórí ilẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n jẹ́ kó so bó ṣe wù ú, hẹ́kítà kan lè mú 20,000 lítà wá. Ọtí yẹn á kan, á korò, á sì máa fa ahọ́n. Lẹ́yìn tí Àlùjíríà gba òmìnira ní 1962, òun ni wọ́n fi dí àlàfo ọtí tó ń ti ibẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa di 1968, ó ti gba ilẹ̀ tó ju 200,000 hẹ́kítà lọ, kò sì sí àjàrà tó tó o ní Faransé. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ará Faransé ń dín wáìnì mímu kù.

Láti 1988, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ Yúróòpù sanwó fún àgbẹ̀ tó bá fa àjàrà rẹ̀ tu. Èwo ni ẹ rò pé àgbẹ̀ máa kọ́kọ́ fà? Carignan tó wà lórí òkè olókùúta, tó ti darúgbó, tí kì í so púpọ̀ mọ́ ni, bẹ́ẹ̀ òun ni ọtí rẹ̀ dára jù. Èyí tó yẹ kó kú kọ́ ló kú.

Syrah, Grenache àti Mourvèdre ni wọ́n fi rọ́pò Carignan. N kò bá wọn jà: Grenache gba ooru àti afẹ́fẹ́, òun ló sì wà nínú ọtí adùn Banyuls àti Maury; Mourvèdre ni ọba Bandol, níbi tí òfin ti ní kó tó ìdajì nínú ọtí pupa. Syrah ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, igi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là níbi tí wọ́n ti lọ́ ọ, ó sì ń kú, òun tí wọ́n mú wá tún ilé ṣe.

Díẹ̀ nínú àwọn àgbàlagbà Carignan yẹn ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá dúró tì ọ̀kan, kò ju orúnkún yín lọ púpọ̀; kò sí wáyà tó gbé e ró, èso rẹ̀ sì fún mọ́ ara igi débi pé ẹ̀rọ kò ríbi mú un. Ọwọ́ àti àlùmọ́gàjí ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ti jìn, èso rẹ̀ kò pọ̀, bí wọ́n bá sì kó odidi ìdì èso náà sínú àgbá títì pa tó kún fún kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì, ìkorò rẹ̀ á rọ̀. Ní 2005, agbègbè Corbières-Boutenac ní Languedoc gba orúkọ tirẹ̀ lábẹ́ òfin, òfin náà sì sọ ọ́ di dandan pé kí Carignan wà nínú ọtí rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2019, ooru dé 46°C ní Vérargues, nílẹ̀ Languedoc, ewé àti èso àjàrà jó lórí igi bí ẹni pé iná kọjá níbẹ̀. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tó bá ní igi tó ti bá ọ̀gbẹlẹ̀ ọgọ́ta ọdún jà kò ní fojú kékeré wò ó.

Àwọn kan wá ń sọ báyìí pé àjàrà ọlọ́lá ni Carignan láti ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ gbìn ín sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́la, ẹ kó ajílẹ̀ tì í, ọtí kíkan ni yóò tún fún yín.

Ọ̀rọ̀ ìparí mi wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń rà á. Ẹ ó rí "vieilles vignes" lára ìgò, ìyẹn ni pé igi àgbà ló so èso tí wọ́n fi ṣe é. Kò sí òfin kan ní Faransé tó sọ iye ọdún tí igi gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ọdún tí wọ́n gbìn ín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe san owó orúkọ yẹn fún un.