Iná Pupa Kékeré Tí Ń Jẹ Owó Aládùúgbò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n owó yín wà nínú rẹ̀, àlàáfíà àárín ẹ̀yin àti aládùúgbò yín sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ wo iwájú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí iná pupa kékeré kan níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n yẹn kò tíì kú, ó kàn ń tòògbé ni. Ó ń retí kí ẹ tún tẹ rìmóòtù, bó sì ti ń retí ló ń jẹ iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ orin àti dẹ̀kódà. Ti dẹ̀kódà ló tiẹ̀ le jù: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́, iná tí wọ́n ń jẹ nígbà tí a rò pé a ti pa wọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń jẹ nígbà tí a ń wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní iná wà fún wákàtí 20 lójúmọ́, ẹ wo tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí 4, dẹ̀kódà yín wá ń jẹ wáàtì 10 fún wákàtí 16 tó kù. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, yúníìtì 4.8 ti lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A sí 225 náírà. Iye yẹn ti yí padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣírò, 1,080 náírà ni lóṣù, 12,960 náírà lọ́dún, lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ wá wo ilé tí ìdílé mẹ́fà ti ń lo mítà kan, tí wọ́n ń dá owó yúníìtì dọ́gbadọ́gba. Nínú 1,080 náírà yẹn, 180 péré ni ẹni tó ni dẹ̀kódà san. Àwọn márùn-ún yòókù ló bá a san 900. Ìyá tó ní gílóòbù kan àti rédíò kékeré wà lára wọn. Bí yúníìtì bá tètè tán, ìjà dé: ta ló lo áyọ́ọ̀nù? Ẹni tó ti wà níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ á búra pé òun kò tan nǹkan kan. Kò mọ̀ pé iná pupa òun ti ń jẹ owó ìyá yẹn. Pé a kò mọ̀ kò sọ owó ẹlòmíì di tiwa.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ tiyín, ẹ pa gílóòbù àti fáànù, ẹ yọ fíríìjì fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ fi rìmóòtù pa àwọn yòókù. Ẹ lọ dúró ti mítà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí iná kékeré ara rẹ̀ bá ṣì ń ṣẹ́jú, nǹkan kan ń jẹun nínú ilé. Lára mítà tí wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí, bó bá ṣẹ́jú nígbà 1,000, yúníìtì kan ti lọ.

Ní Yúróòpù, láti ọdún 2013, òfin ti fi ààbọ̀ wáàtì ṣe òpin fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé tó bá ń tòògbé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ yìí bá ọmọ jà lórí ṣájà fóònù tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀. Díẹ̀ gan-an ni tirẹ̀. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tí ń se omi gbóná ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ má pa fíríìjì tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò le. Kí ẹ tó sùn, kí ẹ tó jáde, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, dẹ̀kódà àti ẹ̀rọ orin láti ara ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń lo mítà kan, ẹ pe ara yín jọ, ẹ ka ohun tí oníkálukú ní, kí ẹ sì pín owó náà bí ẹrù kálukú bá ṣe wúwo tó.