ẸNI TÍ Ń RỌRA SÁRÉ KÌ Í ṢE Ọ̀LẸ

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ Yàgbà, Ìpínlẹ̀ Kogí)

Bísímíláhì Ràhmáánì Ràhíímù. Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá àwọn ẹrú Rẹ̀ ní oríṣiríṣi, tí kò sì gbé ẹrù tí ó ju agbára lọ lé ẹnikẹ́ni lórí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò bá wò ó fín. Ọ̀rọ̀ eré sísá ni. Bí wọ́n bá ti kí ìrun àsùbáà tán, àwọn ọ̀dọ́ a máa kó ara wọn jọ, wọn a sáré gba ojú títì tí ó lọ sí ìhà Ìsánlú kí oòrùn tó mú. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ìlà wọn fi ń gùn. Àwọn kan a ti dé ibi tí wọn yóò ti yí padà, àwọn kan a ṣì wà lẹ́yìn, tí wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn tí ó ti dé a dúró, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan a pariwo pé, "Ìgbín, máa bọ̀ o!" Lọ́jọ́ kejì, ẹni tí wọ́n pè ní ìgbín kò ní yọjú síbi eré mọ́. Bí ó bá tún di ọjọ́ mélòó kan sí i, kò ní yọjú sí ìrun àsùbáà pẹ̀lú, nítorí pé àwọn tí ń sáré náà ni wọ́n jọ ń to sáàfù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré ti di ńlá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀: kí ẹsẹ̀ ènìyàn má yá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àbùkù. Àdánù ni kí ó tìtorí ìtìjú dúró, kí ó má rìn mọ́.

BÍ ỌLỌ́HUN TI DÁ ARA

Ìka kò dọ́gba, Ẹni tí ó dá wọn ló mọ ìdí rẹ̀. Iṣan ara ẹlòmíràn yá láti sún kì, eré kúkúrú sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ti ẹlòmíràn kò yá, ṣùgbọ́n kò tètè rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ orí ń dín eré kù, ara sísan ń dín in kù, àìsàn tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú rẹ̀ ń dín in kù. Obìnrin tí ó ti bímọ mẹ́ta lè má ní ẹsẹ̀ tí ó ní nígbà tí ó wà ní wúndíá. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ẹ̀dá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn?

Abdullahi ọmọ Mas'uud, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ Àlùkùránì jù lọ nínú àwọn sàábé, tín-ínrín ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ó gun igi, atẹ́gùn fẹ́ ẹ, àwọn ènìyàn sì rí ẹsẹ̀ náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bi wọ́n ní ohun tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn yóò wúwo lórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ ìdájọ́ ju òkè Uhudu lọ. Súrà Al-Hujuraat, áyà 11, sì kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ àti láti sọ ọ́ ní orúkọ ìnagijẹ tí kò dára. "Ìgbín" wà lára irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

ERÉ SÍSÁ NÍ AYÉ ÀNÁBÌ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré sísá kò sí nínú ẹ̀sìn. Ìyá àwọn onígbàgbọ́, Aisha, sọ pé òun àti Ànábì sáré ìje nígbà tí wọ́n wà lórí ìrìn-àjò, òun sì ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, tí ara òun ti sanra, wọ́n tún sáré, Ànábì sì ṣíwájú. Ó fi ṣeré pé ti òní ti san gbèsè ti ọjọ́sí. Ẹ kíyè sí i: Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni wọ́n kọ́kọ́ borí, inú kò bí i. Aisha ni wọ́n borí lẹ́ẹ̀kejì, kò sì fi ìtàn náà pamọ́. Òun gan-an ni ó sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn pé ara òun ti wúwo. Ìgbádùn ni eré náà láàrin wọn.

Àdùbáà, ràkúnmí Ànábì, kò sí ràkúnmí tí ó ń ṣíwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ará oko kan gun ọ̀dọ́ ràkúnmí tirẹ̀ dé, ó sì ṣíwájú Àdùbáà. Ó dun àwọn sàábé púpọ̀. Ànábì kọ́ wọn pé ìlànà Ọlọ́hun ni pé kò sí ohun kan tí yóò ga nínú ayé tí Òun kò ní sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lónìí rántí ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó la ẹnu.

Ẹni tí ó tún yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ìtàn rẹ̀ ni Salamah ọmọ Al-Akwa'. Ẹlẹ́sẹ̀ eré ni láàrin àwọn sàábé, ẹsẹ̀ lásán ni ó fi lé àwọn tí ó jí àwọn ràkúnmí Ànábì kó. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí Mẹ̀dínà, ọkùnrin kan nínú àwọn Ansaar, tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí rí, ń ké pé ta ni yóò bá òun sáré wọ ìlú. Salamah tọrọ àyè lọ́wọ́ Ànábì, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ, tí ó wà nínú ìwé Muslim, ni pé òun kó ara òun níjàánu lórí òkè kan tàbí méjì kí èémí má baà tán, òun ń tẹ̀lé ọkùnrin náà lẹ́yìn, òun tún kó ara òun níjàánu lẹ́ẹ̀kejì, kí òun tó wá lé e bá. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ bá mọ̀ pé ó yẹ kí a rọra, kí ni ìtìjú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo?

ṢÉ ỌLỌ́HUN KÒ PÀṢẸ ÌJE NI?

Ẹnì kan lè bi í pé: ṣé Àlùkùránì kò ní kí á yára, kí á sì díje sí iṣẹ́ rere? Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 148, àti Súrà Al-Hadiid, áyà 21. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kí á yára lọ bá ni iṣẹ́ rere, àforíjìn àti àlùjánńà tí fífẹ̀ rẹ̀ dà bí fífẹ̀ sánmà àti ilẹ̀. Ibi tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé kò gba àyè ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú Súrà Faatir, áyà 32, Ọlọ́hun pín àwọn tí Ó jogún Tírà Rẹ̀ fún sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tí ó ń ṣe àbòsí sí ara rẹ̀, ẹni tí ó ń rìn ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti ẹni tí ó ń ṣíwájú nínú iṣẹ́ rere. Onírìn ìwọ̀ntúnwọ̀nsì náà wà nínú àwọn tí Ọlọ́hun ṣà lẹ́ṣà.

Súrà Al-Jumu'ah, áyà 9, lo ọ̀rọ̀ tí ó lè túmọ̀ sí eré sísá nígbà tí wọ́n bá pe ìrun Jímọ̀. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ìgbìyànjú láti lọ ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí Ànábì kọ̀ fún Mùsùlùmí láti sáré lọ sí ibi ìrun. Ó ní kí á rìn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kí á kí èyí tí á bá bá, kí á sì parí èyí tí ó bá kọjá. Abu Bakrah fi ìkánjú tẹ̀ sí rúkúù kí ó tó dé inú sáàfù. Ànábì ṣe àdúà pé kí Ọlọ́hun fi kún ìfẹ́ rere rẹ̀, ó sì ní kí ó má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó yin ọkàn tí ń kánjú, ó kọ ẹsẹ̀ tí ń kánjú.

ÀYÈ ẸNI TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN

Sharia kò gbàgbé ẹni tí kò lè yára. Ní hajji ìdágbére, Sawdah ọmọ Zam'ah, ìyàwó Ànábì, jẹ́ obìnrin tí ó sanra tí ìrìn rẹ̀ kò yá. Ó tọrọ àyè láti kúrò ní Musidalífà ní òru kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí tì ara wọn. Ànábì gbà fún un. Aisha, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ yá, sọ lẹ́yìn náà pé ìbá wu òun kí òun náà ti tọrọ irú àyè bẹ́ẹ̀. Di òní olónìí, àǹfààní ni fún àwọn aláìlera nínú hajji.

Bí Ànábì bá ń rìnrìn-àjò, a máa dúró sẹ́yìn àwọn ènìyàn. Jabir ọmọ Abdullahi sọ pé ó máa ń ti ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó síwájú, ó máa ń gbé e sẹ́yìn ohun tí ó gùn, a sì máa ṣe àdúà fún un. Jabir mọ̀ ọ́n dájú. Ní ọjọ́ tí ràkúnmí tirẹ̀ rẹ̀ tí ó kù sẹ́yìn, Ànábì ni ó wá bá a níbẹ̀, tí ó bá a sọ̀rọ̀, tí ó sì ra ràkúnmí náà. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó san owó, ó tún dá ràkúnmí padà fún un. Ẹni tí ó kù sẹ́yìn ni ó rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni ó pàṣẹ fún Uthman ọmọ Abu Al-Aas nígbà tí ó fi í ṣe lèmọ́mù, pé kí ó máa fi ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú wọn ṣe òṣùwọ̀n ìrun rẹ̀.

Èyí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Orúkọ tí Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ń jẹ́ papọ̀, Okun, láti inú ìkíni ni ó ti wá. Ẹni tí ó pẹ́ dé láti oko, "Okun o" ni wọ́n ń kí i, wọn kì í fi í rẹ́rìn-ín. Nínú àáró, ẹni tí ó bá tètè kọ ebè tirẹ̀ tán a padà lọ pàdé ẹni tí ó kù lẹ́yìn. Bí àwọn baba bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ebè iṣu, kí ló dé tí àwọn ọmọ kò lè ṣe é lójú títì?

Ní ọdún 1968, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò, John Stephen Akhwari ará Tanzania ṣubú nínú eré gígùn oní kìlómítà 42, orúnkún rẹ̀ sì fara pa. Ó ti lé ní wákàtí kan tí Mamo Wolde ará Ethiopia ti gba ipò kìíní kí òun tó dé. Nínú àwọn 57 tí ó parí eré náà, òun ni ó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò parí rárá. Abebe Bikila, tí ó gba ipò kìíní ní 1960 àti 1964, wà lára wọn nítorí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún. Ẹni tí ó gbẹ̀yìn dé, ó dé.

ERÉ ILÉ-KÉÚ ÀTI ERÉ OWÓ

Ẹni tí kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lórí eré ẹsẹ̀ yóò pàdánù níbi tí ó ju ti ẹsẹ̀ lọ. Mélòó ni àwọn àgbà ọ̀dọ́ tí ó sá kúrò ní ilé-kéú nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ń kà ju àwọn lọ? Ànábì ti sọ pé ẹni tí ó ń ka Àlùkùránì tí ahọ́n rẹ̀ ń kọ́, tí ó ṣòro fún un, làádá méjì ni tirẹ̀. Nǹkan bí ọdún 23 ni Àlùkùránì fi sọ̀kalẹ̀. Àwọn kèfèrí ni ó béèrè ìdí tí kò fi sọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni ìkánjú ẹni tí ó ń kọ́ áyà méjì lọ́sẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀dọ́ kan rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kọ́lé, tí ó ra mọ́tò, iṣẹ́ ọwọ́ tí òun ń kọ́ sì sú u. Láti ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń bọ́ sínú yàhúù, tí ẹlòmíràn sì ń wá oògùn owó. Ìtìjú pé òun kù sẹ́yìn ni ó lé wọn dé ibẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yìí bo ìwà ọ̀lẹ. Ànábì a máa tọrọ ìṣọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun kúrò níbi ọ̀lẹ. Ẹni tí ń rọra sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé. Ọ̀lẹ ni ẹni tí ó sùn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

1. Kí á tún àníyàn ṣe. Àmáànà ni ara jẹ́, títọ́jú rẹ̀ sì ní làádá.

2. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rìn díẹ̀, kí ó sáré díẹ̀. Ẹni tí ó bá lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sáré, ìwọ̀n tirẹ̀ ni ó wà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá lè jáde mọ́, kí ó dẹ ẹsẹ̀.

3. Kí á ka àsìkò, kí á yé ka ẹni tí ó ṣíwájú. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le jù. Ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ márùn-ún ni. Ẹni tí ń rọra sáré lè ṣe é ní pípé.

4. Kí á má jáwọ́. Iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí kò dáwọ́ dúró, bí ó tilẹ̀ kéré.

5. Kí á gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò kánjú ni ó ń rí àwọn òkè àpáta bí oòrùn ti ń là lórí wọn, òun ni èémí rẹ̀ tó láti ṣe tasbíù.

6. Kí àwọn arábìnrin ní ẹgbẹ́ tiwọn, pẹ̀lú aṣọ tí ó bo ara, níbi tí ó láàbò. Kí ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn tàbí ikọ́ fée rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

7. Kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá máa padà sẹ́yìn lọ pàdé àwọn tí ń bọ̀, kí gbogbo wọn jọ wọ ìlú. Bí wọ́n bá ti pe ẹnì kan ní ìgbín rí, kí wọ́n lọ bá a ní ilé, kí wọ́n tọrọ àforíjìn, kí wọ́n sì mú un padà wá sí ìrun àsùbáà.

Kí Ọlọ́hun fún ẹsẹ̀ wa ní ìdúróṣinṣin lójú ọ̀nà Rẹ̀, kí Ó má jẹ́ kí á fi ìtìjú ènìyàn pàdánù rere Rẹ̀, kí Ó sì mú ẹni tí ó yára àti ẹni tí ó rọra nínú wa dé àlùjánńà. Àmín.