Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìwé Ìtàn Aláwòrán fún Ọmọ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a kò rí ojú ẹni tí ó sọ ọ́, ìdajì rẹ̀ ni ó dé etí. Orí òtítọ́ yìí ni àwọn tí ń ṣe ìwé ìtàn aláwòrán, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kọ́míìkì, gbé iṣẹ́ wọn kà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí a máa gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, wọn a ní kí ó lọ ka ìwé gidi. Wọ́n gbàgbé pé iṣẹ́ méjì ni ọmọ náà ń ṣe pọ̀: ó ń ka ọ̀rọ̀, ó sì ń ka ojú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín àwòrán kan àti èkejì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rò ó.

Irú ìwé yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Láyé ìwé Atọ́ka, fọ́tò àwọn òṣèré tíátà ni a fi ń sọ ìtàn ní èdè Yorùbá, tọmọdé tàgbà sì ń dù ú kà. Lóde òní, òkèèrè ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí ó bá ìṣe ilé mu ti ń jáde. Mẹ́ta nínú wọn yẹ fún kíkà.

Èkíní ni Iyanu: Child of Wonder. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Godwin Akpan ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Dark Horse tẹ ìdìpọ̀ kìíní jáde ní 2021, ó sì di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni ó rí agbára lára ara rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹranko abàmì ń yọ ìlú lẹ́nu. Kí òbí ṣàlàyé fún ọmọ pé àròsọ ni, kì í ṣe ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá.

Èkejì ni Aya de Yopougon, tí Marguerite Abouet kọ, tí Clément Oubrerie ya. Ó jáde ní èdè Faransé ní 2005. Abidjan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti lọ ṣòwò. Aya fẹ́ di dókítà, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ń wo ọmọ ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní ọkọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti oyún àìròtẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó ti bàlágà ni ó yẹ.

Ẹ̀kẹta ni Contos dos Orixás, tí Hugo Canuto ti Bahia, ní Bùràsílì, ṣe. Ṣàngó, Ògún àti Ọya ni ó yà bí akọni, gẹ́gẹ́ bí Jack Kirby ti ń ya àwọn akọni Amẹ́ríkà. Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí kò ní láti sá fún un: ẹni tí kò bọ Ṣàngó lè mọ ìtàn Ṣàngó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èkíní, Faransé ni èkejì, Pọtogí ni ẹ̀kẹta. Orúkọ tí ó wà lára èèpo ìwé Iyanu pàápàá kò ní àmì ohùn. Bí ọmọ Yorùbá bá ń ti inú èdè ẹlòmíràn wo ojú ara rẹ̀, yóò mọ àwòrán, kò ní mọ ohùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé wọ̀nyí. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ jọ fi àmì sórí àwọn orúkọ. Ẹ bi í pé: “Báwo ni ẹni yìí ìbá ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá?” Kí olùkọ́ mú un wọ kíláàsì, kí àwọn òǹtẹ̀wé sì wá àwọn ayàwòrán tí yóò ṣe tiwọn ní èdè Yorùbá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ Yorùbá ti ròde, ó ti dé Amẹ́ríkà, ó ti dé Bùràsílì. Kò yẹ kí ilé wà ní ìhòòhò.